Òjò Dá, Ọkọ̀ Ò Dé

Èmi àti atẹ́gùn la kọ́kọ́ jọ jà. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí mo ṣe débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ọkọ̀ òfúurufú, gbogbo ẹni tó bá ti jáde nílé ló ní tirẹ̀. Ibi tí mo já sí ni kí ẹ bi mí. Erékùṣù kékeré kan ni, lókè pátápátá ní Skọ́tíláǹdì, omi yí i ká bí òkèlè ẹ̀bà kan tí wọ́n jù sínú ọbẹ̀ tó pọ̀ jù. Kò sí igi níbẹ̀. Mo tún un sọ, kò sí igi! Èmi ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé tí wọ́n bí sí abẹ́ òkè, tó jẹ́ pé igi kòkó àti igi obì ni mo fi ń mọ ọ̀nà oko, mo dé ibi tí àgùntàn ga ju gbogbo nǹkan tó hù nílẹ̀ lọ. Mo bi obìnrin tó wá pàdé mi pé ta ló gé igi wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó gé e, atẹ́gùn ni kì í jẹ́ kó hù. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn yọ, ó mọ́lẹ̀ kedere lójú fèrèsé. Mo ní a dúpẹ́. Mo wọ bùbá àǹkárá, mo wé gèlè mi pẹ̀lú ìgbéraga, mo ṣílẹ̀kùn. Yéè! Atẹ́gùn gbá mi létí, ó já gèlè kúrò lórí mi, ó gbé e lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e títí dé ibi ọgbà àgùntàn kan, mo wá dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń fò lọ sójú òkun. Gèlè tí Màámi rà fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ ni o. Mo sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, lábẹ́ oòrùn. Mi ò rí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, oòrùn tó kàn wà fún ìran wíwò.

Nílé, òtútù tí a mọ̀ ni ti ọyẹ́. Gbígbẹ ni tiẹ̀, á la èèyàn létè, á la gìgísẹ̀, ẹ ó fi òrí para, ó parí. Òtútù ibí yìí, omi ló kún inú rẹ̀. Aṣọ tí mo sá ní Mọ́ńdè, ó ṣì tutù ní Tọ́sìdé. Búrẹ́dì bu, bàtà bu, ẹ̀rù wá ń bà mí pé bó pẹ́ bó yá èmi náà á bu.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń fún wọn lóúnjẹ, à ń gbé wọn jókòó sójú fèrèsé kí wọ́n lè máa wo òkun. Èmi àti Mọ́ràgì la jọ ń ṣe é, obìnrin kan tó jù mí lọ dáadáa, tí wọ́n bí sí erékùṣù náà, tí kò sì ní in lọ́kàn láti kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní Àǹtí Mọ́ràgì, ó ní òun kì í ṣe àǹtí mi. Mo ní kó má bínú, ẹnu mi ò gbà á láti pe ẹni tó jù mí lọ lórúkọ lásán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ ṣáá níbẹ̀. Ní àárọ̀, ojú ọjọ́. Tí a bá ń jẹun, ojú ọjọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ni. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé ojú ọjọ́ ló ń sọ bóyá búrẹ́dì á wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, bóyá dókítà á rí ọ̀nà wá, bóyá àwọn ọmọ olóògbé á lè dé kí wọ́n tó sin ín. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ohun gbogbo wá. Bí omi bá ní rárá, rárá ni, kò sí ẹni tí ẹ máa bẹ̀. Ara mi ò gba ìyẹn. Nílé, tí ọ̀nà Iléṣà bá bàjẹ́, ẹ ó gba ọ̀nà Ìbòkun. Tí kò bá sí mọ́tò, ẹ ó gun ọ̀kadà. Tí kò bá sí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ wà. Níbí, ibi tí ilẹ̀ bá tán sí, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tán sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ nílé. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pààrọ̀ eyín nígbà tí mo lọ. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi í sí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò wá gbé mi. Nígbà tó jí tó ń wá mi, Màámi sọ fún un pé mo lọ sí Òkè Fìà ní Òṣogbo, mò ń bọ̀. Òkè Fìà! Ibẹ̀ ni mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tẹ́lẹ̀, ọmọ náà mọ ibẹ̀, ó sì mọ̀ pé tí mo bá lọ sí Òkè Fìà láàárọ̀, mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹun, ó ń wo gbogbo mọ́tò tó ń kọjá. Mi ò bínú sí Màámi. Kí ni kí wọ́n sọ fún un? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni Ìbídùn ò ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ tó bá ti kàn mí.

Tí mo bá pè, á gba fóònù, á dákẹ́.

"Ìbídùn, báwo ni?"

"Dáadáa, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Iyán, mà."

Bí ẹni ń dá tíṣà lóhùn ni. Inú mi á bàjẹ́, màá pa fóònù, màá lọ máa wẹ àwọn ìyá oníìyá. Ó ń dùn mí gan-an, kí n má purọ́ fún yín. Mò ń fi ọwọ́ mi yìí ya irun àwọn arúgbó, irun ọmọ mi sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Òjò ló bá wa tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Màámi ń sọ̀rọ̀, òjò dé lójijì, ariwo rẹ̀ lórí páànù bo gbogbo ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n fẹ́ pa fóònù. Mo kígbe: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á! Ẹ gbé e sójú fèrèsé fún mi!" Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mò ń gbọ́ òjò Ìmẹ̀sí. Òjò tiwa nìyẹn, tó máa ń rọ̀ bí ẹni tó ní ibi tó ń sáré lọ, kì í ṣe èyí tó ń ṣe wẹliwẹli láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níbí. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé Ìbídùn ni wọ́n gbé fóònù fún pé kó dì í mú. Nígbà tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín náà?"

"Ó ń rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rọ̀ níbí."

"Yìnyín ńkọ́?"

"Yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ níbí."

"Háà! Ṣebí ìlú òyìnbó lẹ wà?"

Ó bínú sí mi pé mo lọ wá ìlú òyìnbó tí kò ní yìnyín. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Tí òjò bá ti ṣú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pè, á gbé fóònù sójú fèrèsé, a ò sì ní sọ nǹkan kan. Mo mọ ìdákẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ nígbà náà.

Mo gbé ẹjọ́ yìnyín lọ bá Mọ́ràgì. Mo ní kí ló dé tí ibi tó jìnnà sókè báyìí kò ní yìnyín tó tó fi han ọmọdé. Ó ní òkun ni. Ó ní omi kan wà tó ń ṣàn bọ̀ láti apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn ti ń mú, ó ń gba inú òkun ńlá kọjá, ó ń ru ooru bọ̀. Atẹ́gùn á wá máa gba orí omi yẹn kọjá, á bù nínú ooru rẹ̀, á gbé e wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ó ní bí kò bá sí ti omi náà, tiwọn náà ì bá dì, torí àwọn ibì kan wà tó jìnnà sókè láyé bíi tiwọn tó jẹ́ pé òkun ibẹ̀ máa ń dì gbagidi. Mo ní irọ́ ni. Etí omi la ti ń rìn lọ́jọ́ náà. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo ki ọwọ́ bọ omi. Olúwa mi ò! Àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ ha eegun ọwọ́ mi. "Ooru náà rèé?" Mo gbé ọwọ́ náà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fò sókè, ó pariwo. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Omi tó kúrò níbi tó gbóná, tó rin gbogbo ìrìn yẹn, tó wá pín gbogbo ooru rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó wá tutù débi pé ẹni bíi tèmi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò dá a mọ̀. Mo bi Mọ́ràgì pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ó ní tó bá ti tutù tán, á wúwo, á wọ ìsàlẹ̀ lọ, á máa padà díẹ̀díẹ̀ síbi tó ti wá. Mo ní ire ni fún un, wọn kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ omi.

Mi ò fojú kan òkun rí títí mo fi tójúú bọ́. Mo sì wá ń mọ̀ níbí pé òun náà ló tọ́ mi dàgbà. Màámi máa ń sọ ọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré pé atẹ́gùn méjì ló wà: èyí tó ń ti apá Odò Ọya lókè wá, òun ló ń gbé ọyẹ́ bọ̀, àti èyí tó ń ti apá Èkó wá, òun ló ń gbé òjò. Mi ò bi wọ́n rí pé níbo ni Èkó ti rí omi. Òkun ni o. Oòrùn á fa omi òkun sókè, atẹ́gùn á gbé e, á máa gbé e bọ̀ títí á fi dé Iléṣà, á fi kan òkè wa ní Ọbọ̀kun, kòkó á mu. Ní báyìí, Màámi ní òjò ò mọ ìgbà mọ́. Ìgbà tó yẹ kó rọ̀, á sé. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ kòkó síta, á dé. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, màá wo ojú fèrèsé, màá wo omi náà bó ṣe na ara rẹ̀ lọ, mi ò ní mọ ohun tí màá bi í.

Ìwé ìrìnnà Ìbídùn wá jáde. Mo jó láàárín ilé ìdáná àwọn arúgbó, ìyá kan tí kì í sọ̀rọ̀ pàápàá pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Kọ́lá, tó ń gbé ní ìlú ńlá tó wà lódìkejì omi, ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, òun ló sì máa mú un bọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ òfúurufú wọn máa balẹ̀ ní ìlú ńlá náà. Èmi á ti sọdá kí ó tó dìgbà náà, màá dúró dè wọ́n.

Ìbídùn pè mí ṣáájú kí wọ́n tó gbéra.

"Mọ́mì, níbo gan-an lẹ máa dúró sí?"

"Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà jáde."

"Ṣé ẹ ò ní lọ sí Òkè Fìà?"

Mo gbọ́ tí Màámi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mi ò ní lọ sí Òkè Fìà."

"Tí mi ò bá rí yín, mi ò ní tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni o. Ibẹ̀ ni màá wà."

Mo ṣèlérí. Mo fi Ọlọ́run búra pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, kí ẹ tó bú mi. Nílé wa, tí a bá kó kòkó jáde nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi bò ó, orí tapólìn níwájú ilé la máa ń sá a sí, èmi ni mo sì máa ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe ewúrẹ́ nìkan ni mò ń ṣọ́, ojú ọ̀run ni. Oòrùn á mú títí di ọ̀sán, ojú ọjọ́ á ṣú bámúbámú, atẹ́gùn á dìde, eruku á sọ, ewé á máa fi inú hàn síta. Mo ní láti kígbe nígbà náà: "Ẹ kó kòkó o!" Gbogbo ilé á tú jáde. Atẹ́gùn á ṣáájú, òjò á tẹ̀ lé e, òjò á lu páànù bí ẹni tó fẹ́ wó ilé, á sì dá. Tó bá ti dá, ó tán nìyẹn. Atẹ́gùn ti lọ, oòrùn á yọ, a ó tún tẹ́ kòkó síta. Mi ò rí ọjọ́ tó yẹ̀. Bí òjò bá ti dá, ara mi á balẹ̀ fúnra rẹ̀, mi ò tilẹ̀ ní rò ó.

Ní Tọ́sìdé, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀. Mọ́ràgì ní kí n bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ, òun á bá mi ṣe iṣẹ́ tó kù. Ó ní tọ̀la lè má lọ. Mo wo omi, ó ti ń ru sókè. Ẹ̀rù omi ń bà mí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọdá, mo bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́. Mo tún fẹ́ fi ọ̀dà kun yàrá Ìbídùn tán. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, òjò dé. Òjò gidi, ó rọ̀ bíi tilé, ó fọ́n gbogbo fèrèsé, ó sì dá lẹ́ẹ̀kan náà. Òfúurufú là. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ yọ, ó pọ́n bí epo. Ara mi balẹ̀.

"Àǹtí Mọ́ràgì, ó ti tán," ni mo wí. "Òjò ti dá. Lọ́la ni màá lọ, nígbà tí omi bá ti tòrò."

Ó wò mí. Ó ní, "Kò tíì bẹ̀rẹ̀ o."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Èmi tí mo ti ń ṣọ́ òjò láti kékeré! Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè, ó lọ, mo sì padà sí ìdí ọ̀dà mi, mò ń kọrin.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìjì tibí kì í ṣe irú tiwa. Tiwa, ilẹ̀ ló ń bí i. Ilẹ̀ á gbóná fòò lọ́sàn-án, á gbé ìjì dìde, òjò á tù ú lára, inú rẹ̀ á rọ̀. Tibí, orí òkun ló ti ń bọ̀, ó gbòòrò ju gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ, ó ń yí bí ọ̀rá nínú ìkòkò tí wọ́n ń rò. Òjò tó rọ̀ yẹn, iwájú rẹ̀ lásán ni. Ìdí rẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn, nínú òfúurufú tó mọ́ gaara.

Ní Fúráìdé, oòrùn yọ. Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Atẹ́gùn gbé mi kúrò lójú ọ̀nà, ó jù mí lu ògiri ilé pósítọ́fíìsì. Mo dì mọ́ irin. Ojú ọ̀run búlúù, kò sí ìkúukùu kankan, òkun sì funfun láti ibí dé òpin ojú. Mo rá dé èbúté. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ti sá pa mọ́ sí òdìkejì, kò ní wá. Mo ní, "Ọ̀la ńkọ́?" Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé èjìká sókè.

Mo gbé! Mo jókòó sórí báàgì mi níbẹ̀, mò ń pariwo sí omi lédè Ìjẹ̀ṣà. Mo bú u. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bú u. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ lè há mọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Fìà, mo máa ń sọ pé yàrá náà kéré jù, pé mi ò lè na apá. Mo wá wà níbi tí kò sí ògiri kankan, ojú mi rí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mi ò sì lè lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo jí, mo gbọ́ nǹkan àjèjì kan: ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo sáré síta. Atẹ́gùn ti lọ. Kóríko dúró ṣinṣin. Oòrùn ràn, ó tilẹ̀ gbóná díẹ̀. Mo ní Ọlọ́run, o ṣeun! Mo sáré dé èbúté, mo bá Mọ́ràgì níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí omi. Kò funfun mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wú sókè, ó ń rì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, òkè kan tẹ̀ lé òmíràn, láìyára, ó ń gun orí èbúté bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

"Ọkọ̀ ò lè so mọ́ ibí," ó wí. "Atẹ́gùn ti lọ, ṣùgbọ́n omi ò tíì gbọ́."

Kí ni màá sọ fún ọmọ mi?

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún. Ìyá Kọ́lá ni. Ìbàdíàrán ló ń pè mí, orúkọ tó sọ mí látìgbà tó ti wọlé wa.

"Ìbàdíàrán, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Ó ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Mo bẹ̀ ẹ́, mo rà á ní súìtì. Ó ní ẹ̀yin lòun ń dúró dè. Àwọn agbófinró ti ń wò wá."

"Gbé fóònù fún un, ìyàwó mi."

Mo gbọ́ mímí rẹ̀.

"Ìbídùn. Mọ́mì ni. Omi ni kò jẹ́ n wá."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ṣé òjò ń rọ̀ ni?"

"Rárá. Òjò ti dá."

"Ṣé atẹ́gùn ń fẹ́ ni?"

"Atẹ́gùn ti lọ."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Ó... ó ràn."

"Ṣebí ó ti tán nìyẹn." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Màmá ní tí òjò bá ti dá, ó ti tán. Irọ́ lẹ ń pa, Mọ́mì. Òkè Fìà lẹ lọ."

Ọmọ tí ìyá mi tọ́, ohun tí wọ́n kọ́ mi náà ni wọ́n kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí àpótí yẹn, èmi náà ì bá pe ara mi ní òpùrọ́. Gbogbo àlàyé tó wà lẹ́nu mi, kò sí èyí tí ọmọ Ìmẹ̀sí máa gbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo bọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn òkúta wà, mo na ọwọ́ mi tó mú fóònù síwájú omi. Ìgbì kan wú, ó dìde, ó ya lu àpáta. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òmíràn tún dé. Omi rin mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn na fóònù náà síbẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń nà án sójú fèrèsé fún mi. Ó pẹ́ kí n tó gbé e padà sétí.

"Ìbídùn?"

"Kí nìyẹn?"

"Òkun ni."

Ó tún dákẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ irú ìdákẹ́ tó jẹ́.

"Ó ń bínú," ó wí.

"Atẹ́gùn ló bí i nínú. Atẹ́gùn ti lọ, inú rẹ̀ ò tíì rọ̀."

"Tó bá dákẹ́, ẹ sọ fún mi."

Mo gbọ́ tí Ìyá Kọ́lá kígbe lókèèrè pé, "Ó ti dìde! Ìbàdíàrán, ó ti dìde!" Mo jókòó sórí àpáta nínú aṣọ tútù, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní Sọ́ńdè, omi gbọ́. Ìròyìn kàn pé ọkọ̀ máa wá lẹ́ẹ̀kan, á sì padà lójú ẹsẹ̀, torí ìjì mìíràn ti ń bọ̀ lórí òkun. Òdìkejì ni ọkọ̀ náà sá pa mọ́ sí, nítorí náà ibẹ̀ ló ti máa gbéra. Ìyá Kọ́lá wakọ̀ wá sí èbúté ọ̀hún láti àárọ̀, ó ní òun á mú un wá fún mi, òun á sì bá ọkọ̀ náà padà.

Mo ti dúró síbẹ̀ tipẹ́ kí ọkọ̀ tó yọ. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà jáde ni mo dúró sí. Wọ́n sọ àtẹ̀gùn sílẹ̀, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀, ajá kan sọ̀kalẹ̀, Ìyá Kọ́lá yọ, ojú rẹ̀ ti funfun nítorí èébì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin gíga kan tí mi ò mọ̀, tó ní eyín ńlá níwájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rá kan mú mọ́ àyà. Ó dúró. Ó wò mí dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ ti rù."

Mo gbá a mọ́ra. Ó dúró gan bí igi. Lẹ́yìn náà ó yọ ara rẹ̀, ó na ọ̀rá náà sí mi, gèlè tuntun kan ló wà nínú rẹ̀. "Màmá ní kí n fún yín. Wọ́n ní kẹ́ ẹ dì í dáadáa lọ́tẹ̀ yìí." Mo rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, Ìyá Kọ́lá náà ń sunkún, wọ́n ti ń fọn fèrè fún un. Ó dì mọ́ wa, ó sáré padà sókè. Wọ́n fa àtẹ̀gùn kúrò.

Atẹ́gùn ti tún ń dìde. Ìbídùn yí ara rẹ̀ po, ó wo apá ibí, omi. Ó wo apá ọ̀hún, omi. Ó wo àwọn àgùntàn. Ó wo ọkọ̀ tó ń yí padà.

"Mọ́mì, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà jáde níbí?"

Mo nawọ́ sí ọkọ̀ náà. "Ìyẹn nìkan ni."

"Tí kò bá wá ńkọ́?"

"A ò ní lè lọ síbì kankan nìyẹn."

Ó rò ó. Mo rí i bó ṣe ń rò ó, iwájú orí rẹ̀ dì bíi ti Màámi.

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ó sún mọ́ mi, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ọwọ́ mi, ó dì í mú pinpin, a sì jọ dúró síbẹ̀ títí a ò fi rí ọkọ̀ náà mọ́.